ÀGBÀ YỌ́Ọ̀TÌ: BÍ A TI Í MỌ̀ Ọ́N ÀTI BÍ A TI Í RÀ Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ó kan ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, pàápàá irú èyí tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́dún yìí.

Yọ́ọ̀tì ni ọkọ̀ ojú omi tí a kàn fún ìgbafẹ́ tàbí fún eré ìje, tí kì í ṣe fún ẹrù kíkó tàbí ẹja pípa. Òmíràn ń lo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n onígbòkun tí atẹ́gùn ń tì ni mo ń sọ. Láàárín wọn ni a ti rí àwọn tí ọjà wọn yàtọ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kílásíìkì, tí èmi yóò máa pè ní àgbà yọ́ọ̀tì. Ènìyàn lè ra ọ̀kan ní owó táṣẹ́rẹ́, kí ó sì ná owó tí ó tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé lé e lórí. Kí ni ó rà gan-an? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn.

KÍ NI Ó Ń SỌ YỌ́Ọ̀TÌ DI ÀGBÀ?

Ọjọ́ orí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Àwọn tí ń ṣètò eré ìje àgbà ọkọ̀ ní Òkun Mẹditaréníà pín wọn sí ọ̀nà méjì pàtàkì: àwọn tí ó bọ́ sómi kí ọdún 1950 tó dé, àti àwọn tí ó bọ́ sómi láti 1950 títí dé òpin 1975. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi ìṣẹ̀ǹbáyé kì í gba ọkọ̀ tí kò bá tíì pé 50 ọdún, tí gígùn rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ. Ṣùgbọ́n ewú orí nìkan kọ́ ni a fi ń mọ àgbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ti gbó tí kò ní iyì kankan. Ní èrò tèmi, ohun mẹ́ta ni ó ń sọ yọ́ọ̀tì di àgbà: ìran, ara àti ìtàn.

Ìkíní ni ìran. Ta ni ó ya àwòrán rẹ̀? Ta ni ó kàn án? Ìdílé kan wà ní abúlé Fairlie ní Scotland, ìdílé Fife. Ìran mẹ́ta ni ó tẹ̀ léra tí wọ́n ń kan ọkọ̀ níbẹ̀, William sì ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta wọn, tí ó kú ní 1944, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Wọn a máa gbẹ́ àwòrán dírágónì sí imú ọkọ̀ rẹ̀, wọn a sì fi wúrà kùn ún. Bí a ti ń fi ilà ojú mọ ọmọ onílé láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi dírágónì yìí mọ ọmọ Fife. Nathanael Herreshoff ní Amẹ́ríkà àti Charles E. Nicholson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú iyì bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọn nìkan ń gbówó lórí ọkọ̀.

Èkejì ni ara. Kí àwọn ọkọ̀ oníke, tí a ń rọ jáde bí ẹni ń yọ búrẹ́dì nínú agolo, tó gbòde, igi ni wọ́n fi ń kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ yọ́ọ̀tì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé egungun ìhà rẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń to pákó mọ́ ọn. Tíìkì, ọ́òkù àti mọ̀gáńnì ni igi tí wọ́n fẹ́ràn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Nígbà tí mo ń ṣàkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ wa, mo bá ìrókò pàdé nínú ìpolówó yọ́ọ̀tì! Orúkọ tí àwa ń pe igi náà ni àwọn akànkọ̀ Òyìnbó ń pè é. Kì í tètè jẹrà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lò ó dípò tíìkì. Igi tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù Olúwéré inú rẹ̀ ni ó ń gbé elòmíràn lórí òkun.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn. Ẹ wo Gipsy Moth IV. Ọdún 1966 ni wọ́n kàn án, ẹni tí wọ́n kàn án fún, Francis Chichester, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yin ìrìn rẹ̀. Síbẹ̀ òun nìkan ni ó fi í yí ayé po, tí ó dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Sydney, tí ó sì padà dé Plymouth ní 1967. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ ní Greenwich kí ayé lè máa wò ó, òjò àti oòrùn sì ń bà á jẹ́ níbẹ̀. Ní 2004, wọ́n tà á ní pọ́n-ùn kan àti ife ọtí jíìnì kan. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún yí ayé po kí ó tó padà dé ní 2007. Ìtàn rẹ̀ ni ó yọ ọ́, kì í ṣe ìrìn rẹ̀.

BÍ A BÁ PÀÀRỌ̀ PÁKÓ RẸ̀ ŃKỌ́?

Àríyànjiyàn tí ó le jù nínú ọjà yìí nìyí. Mariquita, ọkọ̀ Fife tí ó bọ́ sómi ní 1911, di ilé gbígbé nínú ẹrẹ̀ etí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún un kàn, ó sì padà sórí òkun ní 2004. Ṣé Mariquita ti 1911 náà ni?

Èmi gbà pé òun ni. Bí a bá ṣí koríko orí ilé baba wa, tí a fi páànù bò ó, ilé baba wa náà ni. Bí a bá pààrọ̀ ògiri rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ kan náà, ilé baba wa ṣì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ kọ́ irú rẹ̀ sí oko ẹlòmíràn, àwòkọ ni, kódà bí ó bá lẹ́wà ju ti ìṣáájú lọ. Àwòkọ kì í ṣe ohun búburú. Ohun tí ó burú ni kí a tà á ní iye tí a ń ta ojúlówó. Nítorí náà, ẹni tí ń tún àgbà yọ́ọ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀: pákó wo ni ó yọ, èwo ni ó fi rọ́pò, àwòrán wo ni ó tẹ̀ lé.

BÍ A TI Í RÀ Á

Alágbàtà ni ó sábà máa ń wà láàárín olùtà àti olùrà. Olùtà ni ó ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí olùrà má ṣe gbàgbé ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí iye, olùrà yóò san àsansílẹ̀, ìdá mẹ́wàá owó náà ni ó wọ́pọ̀, lórí àdéhùn pé òun yóò kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò.

Olùrà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá olùyẹ̀wò. Onítọ̀hún yóò fi òòlù kékeré kan igi: igi líle a máa dún kókó, èyí tí ó ti jẹrà a sì dún bọ̀ọ̀. Yóò yọjú sí abẹ́ àjà, nítorí omi òjò tí ń jò wọlé ń mú igi jẹrà ju omi iyọ̀ lọ. Yóò yọ ọ̀kan nínú àwọn bóòtù gígùn tí ó so òjé ńlá mọ́ ìdí ọkọ̀ kí atẹ́gùn má baà dà á dé. Orí bóòtù lè máa dán, kí ìpẹtà sì ti jẹ àárín rẹ̀ tín-ín-rín.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé. Ní òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìpín 64 ni a pín ọkọ̀ tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àgbà sí. Kí olùrà rí i pé gbogbo 64 ni wọ́n tà fún òun. Kí ó sì wádìí gbèsè, nítorí gbèsè mìíràn wà tí ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀, tí kì í tẹ̀ lé ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó tí a fi ra ọkọ̀ ni ó kéré jù. Ọ̀dà, ìgbòkun, okùn, ibùdókọ̀ àti owó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kì í tán. Endeavour, yọ́ọ̀tì onírin tí wọ́n kàn ní 1934, bàjẹ́ débi pé pọ́n-ùn 10 ni wọ́n tà á láàárín ọdún 1970 sí 1979. Elizabeth Meyer rà á ní 1984. Ọdún 1989 ni ó tó padà bọ́ sómi, lẹ́yìn òbítíbitì owó. Bí kò bá ṣe òun ni, irin àlòkù ni à bá máa pè é lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó ra àgbà yọ́ọ̀tì kò ra á tán. Ọwọ́ ẹnì kan ni ó ti gbà á, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò sì fi í sí. Bí ó bá tọ́jú ara rẹ̀ tí ó sì pa ìwé rẹ̀ mọ́, ẹni tí ń bọ̀ yóò mọ ilé tí ọkọ̀ náà ti wá. Bí ó bá sọ ìwé náà nù, ọkọ̀ lè máa léfòó, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ tí kò mọ oríkì rẹ̀.