Líle Eyín, Ọgbọ́n Eegun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí eegun jẹ́ gan-an, kó wá eegun itan adìẹ, kó họ ẹran ara rẹ̀ kúrò pátá, kó rì í sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá yọ ọ́, yóò rí i pé ó ń tẹ̀ bíi rọ́bà. Ásíìdì ti fọ kálísíọ̀mù àti fọ́sífeètì inú rẹ̀ lọ. Kọ́lájìn ló ṣẹ́ kù, ìyẹn okùn purotéènì tí ara fi hun eegun. Kó wá ju òmíràn sínú iná títí yóò fi funfun. Èyí ò ní tẹ̀ rárá. Téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, rírún ló máa rún. Kọ́lájìn ti jóná, èròjà tó dà bí òkúta nìkan ló kù.

Èròjà yìí kan náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hydroxyapatite, ló wà nínú eyín. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nínú eegun, ó tó bí ìdá 65 nínú 100. Kọ́lájìn àtàwọn purotéènì mìíràn tó bí 25, ìyókù jẹ́ omi. Inú eyín, lábẹ́ funfun òde, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí eegun: nǹkan bí 70. Funfun òde gan-an ló dá yàtọ̀. Bí 96 nínú 100 rẹ̀ ni èròjà líle yìí, kọ́lájìn ò sì sí níbẹ̀. Kò sí ohun tó le tó o nínú gbogbo ara èèyàn, òun la sì fi ń rún eegun ẹja àti ti adìẹ.

Ṣùgbọ́n líle yẹn lówó lórí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ funfun eyín kì í bá a dé ìta; bí eyín ṣe ń yọ ni wọ́n ń parẹ́. Eegun ní tirẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ó ní sẹ́ẹ̀lì tó ń wó ògbólógbòó àti èyí tó ń mọ tuntun, débi pé nínú àgbàlagbà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eegun ara ló ń di tuntun lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí apá tó kán fi ń so pọ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó ń to eegun. Eyín tó lu, àfi kí dókítà fi nǹkan mìíràn dí i. Fínígà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu: kòkòrò ń sọ ṣúgà di ásíìdì, bí pH bá sì ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.5, funfun eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ń dá díẹ̀ padà. Fulóráìdì inú ọṣẹ ìfọyín sì ń wọ inú èròjà náà, kò ní tètè yọ́ mọ́ títí pH yóò fi tó bí 4.5.

Èròjà ti inú eegun kéré, ó sì tètè ń yọ́ ju ti eyín lọ, àmọ́ ara ń jẹ èrè rẹ̀. Bí kálísíọ̀mù bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, eegun ni ara máa ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀, kì í fọwọ́ kan eyín. (Àwọn tó ń sọ pé oyún ń fa kálísíọ̀mù kúrò nínú eyín ìyá, wọ́n ń purọ́ mọ́ ọmọ inú ni.) Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yan, ẹ̀yìn eegun ni mo wà.

Ibì kan wà tí eyín ti borí. Lọ́dún 2000, ní Campeche ní Mẹ́síkò, wọ́n kan itẹ́ òkú àtijọ́ ní ojúde ìlú, láti ayé tí àwọn òyìnbó Sípéènì ń jọba níbẹ̀. Wọ́n rí àwọn kan tí wọ́n ti rẹ́ eyín wọn. Strontium, tó ń bá oúnjẹ àti omi wọlé tó sì ń gba ipò kálísíọ̀mù, máa ń há sínú funfun eyín láti ìgbà ọmọdé. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi hàn pé strontium eyín àwọn kan níbẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ náà mu. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jọ. Eegun ẹni tó bá ti pẹ́ ní Campeche kò lè jẹ́rìí báyẹn, torí omi àti oúnjẹ ibẹ̀ ni ara á ti fi tún un mọ.