Bátìrì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Nọ́ńbà gàgàrà ara páálí ni ẹni tó fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ṣeé ṣájì kọ́kọ́ máa ń rí. Ọlọ́jà á tẹ̀ ẹ́, iná á tàn yanran, owó á sì jáde lápò. Bẹ́ẹ̀, gílóòbù LED ayé òde òní kì í tètè bàjẹ́. Bátìrì ló ń dójú tini.

Àwọn tọ́ọ̀ṣì pọ́ọ́kú kan wà tó ní ẹsẹ̀ méjì tí a ń fà yọ láti kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bátìrì olójé ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ó wúwo, bó bá sì kú tí ẹ pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun líle kan á bo òjé inú rẹ̀, kò ní gba iná dáadáa mọ́. Ẹ mú onílítíọ́ọ̀mù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú onílítíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè ní 18650: mìlímítà 18 ni ìbú rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀, òdo ẹ̀yìn sì ń sọ pé roboto ni. Ojúlówó rẹ̀ kì í sábà gbà ju nǹkan bíi 3,500 mAh lọ (mAh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà). Bí wọ́n bá kọ 9,900 sí i lára, irọ́ gbuu ni. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú: ojúlówó máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 45, ayédèrú sì sábà máa ń fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, lumen ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tọ́ọ̀ṣì tí kò ju àtàǹpàkò lọ kò lè máa tan 1,000 lumen lọ títí. Gbígbóná ni yóò máa gbóná, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì dín iná kù kó má baà jóná. Ní tèmi, 100 ti tó láti fi dáná nígbà tí kò bá sí iná, 300 sì tó fún ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí ANSI FL1, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń dán tọ́ọ̀ṣì wò, lára páálí, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí níbẹ̀: wọ́n ń kà á títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi ṣẹ́ kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wákàtí 10 wọn kì í ṣe wákàtí 10 ìmọ́lẹ̀ kíkún.

Ẹ mú ṣájà fóònù yín dání lọ sí ìsọ̀ kí ẹ fi dán an wò. Àwọn tọ́ọ̀ṣì kan ní ojú Type-C tí kì í gba iná bí orí méjèèjì wáyà bá jẹ́ Type-C, torí ẹni tó ṣe é yọ èròjà bíńtín tó ń sọ fún ṣájà pé kó tú iná sílẹ̀. Fún òjò, IPX4, àmì pé omi tó ta sí i kò ní bà á jẹ́, tó.

Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣeé yọ, ó tún dára jù, torí bí ó bá kú, òun nìkan lẹ ó pààrọ̀. Èyí tí ẹ bá sì rà pamọ́, bí ẹ bá ń wọ bàálù, báàgì tí ẹ gbé lọ́wọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ bàálù.