Ìbọn Tí Kò Gbé Ọta

Nígbà ogun Jálumi ní Ìkìrun ní 1878, ẹnu ṣakabùlà ni wọ́n ń gbà ki ẹ̀tù àti ọta. Ti ìbọn pọ́ǹpù kò rí bẹ́ẹ̀. Inú páìpù abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ni ọta tò sí. Sípíríǹgì ń tì wọ́n bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá fa ìdìmú sẹ́yìn, èèpo ọta tí a ti yìn yóò fò jáde. Bí a bá tì í síwájú, ọta tuntun yóò wọlé.

Ẹ̀yin ọdẹ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bí ó bá kọ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí ènìyàn kò sí. Bí ẹ ti ń kó gbogbo ọta jáde, ẹ kíyè sí ibi tí ó há sí. Bí kò bá kúrò nínú páìpù, ìdọ̀tí, ìpẹtà tàbí sípíríǹgì tó ti rọ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá dábùú, bóyá ọwọ́ kò fà á dópin ni. Bí ó bá dé ẹnu ihò tí kò wọ̀ ọ́, ọta lè ti wú. Ẹ má fi ipá tì í, ẹ má sì yọjú wo ẹnu ìbọn: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kàn án; àgbà ni kí ẹ pè. Ó dìgbóṣe.