Ẹja Àpótí: Ẹja Oníkarahun Tó Ní Oró

Ẹja àpótí jẹ́ ẹja òkun tí ara rẹ̀ nígun bíi páálí. Ìpẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí alásè lè fi ọ̀bẹ ha dànù: ó ti di eegun pẹlẹbẹ, púpọ̀ nínú wọn onígun mẹ́fà, tí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì títí gbogbo rẹ̀ fi di karahun kan bíi ti ahun. Ẹnu, ojú, ihò tó fi ń mí, lẹbẹ àti ìrù nìkan ló rí àyè yọ. Kò lè ká ara bí ẹja yòókù. Lẹbẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀.

Etí òkun ilẹ̀ olóoru ni wọ́n pọ̀ sí, pàápàá láàárín àpáta iyùn. Ẹ̀yà kan nínú wọn, Ostracion cubicus, wà láti Òkun Pupa dé Hawaii. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ọmọ rẹ̀ a sì pọ́n rúsúrúsú pẹ̀lú tótòtó dúdú. Àwọn ẹ̀yà kan ní ìwo méjì níwájú orí bíi màlúù, a sì ń rí irú wọn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú.

Bí ẹ̀rù bá bà á, awọ rẹ̀ a sun omi kan tó ń fà bí ilá. Inú omi yìí ni oró wà. Ní 1967, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Boylan àti Scheuer yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Hawaii, wọ́n pè é ní pahutoxin, láti ara pahu, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ẹja náà. Bí ọṣẹ ló ń ṣiṣẹ́: ó ń tú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ká. Nínú agbami, omi ń gbé e lọ. Nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja, ẹyọ kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè pa gbogbo ẹja tó kù, kó sì pa ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹni tó fọwọ́ kàn án kì í sábà rí ewu, nítorí kò ní ẹ̀gún tó ń ta oró. Kó ṣáà fọ ọwọ́ kó tó fi kan ojú. Jíjẹ ẹ́ ni ọ̀ràn wà. Ní erékùṣù Goto ní Japan, wọ́n ń yan án pẹ̀lú miso (èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe) nínú karahun rẹ̀, Japan náà sì ni àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí àìsàn tó ń tẹ̀lé e, pàápàá bí ẹnì kan bá jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oró tó ń fa àìsàn yìí yàtọ̀ sí ti awọ. Ó jọ oró kan tí wọ́n ń pè ní palytoxin, iná kò sì pa á. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ro gan-an, ìtọ̀ á dúdú bí omi kọfí, nítorí ẹran ara tó ń bàjẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Mímí lè nira, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti pa ènìyàn rí.

Kò sí oògùn apa-oró kan pàtó fún un. Epo pupa tí a sábà ń rọ sí ẹni tó jẹ májèlé lẹ́nu kò wúlò níbí. Bó bá bì, epo lè ṣì ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, níbi tí wọn yóò ti fa omi sí i lára, tí wọn yóò sì máa ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀. Kí wọ́n di àjẹkù ẹja náà sínú ọ̀rá dání, kí dókítà lè mọ irú ẹja tó jẹ.