Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò yín ṣe, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún sánmà àyálò

Lásìkò ọyẹ́ ni mo gun Òkè Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. Mo rí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ kedere, mo sì rí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú sánmà. Ìgbà tí mo délé tí mo wo fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, òrùlé ti dúdú, sánmà sì ti funfun bí ẹfun.

Kì í ṣe kámẹ́rà ló bàjẹ́. Ojú èèyàn lè rí ibi tó mọ́lẹ̀ gan-an àti ibi tó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, agbára kámẹ́rà kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kàlẹ́ńdà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ owó yín nìyí, torí fọ́tò ni oníbàárà ń rí kó tó rí yín.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yà á gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò ṣókùnkùn díẹ̀, kí sánmà má baà jóná. Ẹ̀wà tó bá ti jó di èédú, kò sí omi téèyàn lè bù sí i tí yóò padà di ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ni sánmà tó ti funfun tán, kò sí ẹ̀rọ tó lè mú ìkùukùu inú rẹ̀ padà. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé fà wá sí ìmọ́lẹ̀. Bí kámẹ́rà yín bá ní RAW, òun ni kẹ́ ẹ lò. Fọ́tò JPEG kì í ní ju ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-bit 14 ní 16,384.

Tẹ́ ẹ bá délé, Lightroom tí iléeṣẹ́ Adobe gbé jáde lọ́dún 2007 wà. Ẹni tí kò lówó rẹ̀ lè lo Snapseed lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fa Highlights wálẹ̀ kí sánmà lè rọ̀, ẹ gbé Shadows sókè kí òrùlé lè hàn. Dehaze, tó wọ inú Lightroom lọ́dún 2015, ló ń dín kùrukùru ọyẹ́ kù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà á. Bó bá pọ̀ jù, òkè á dà bí èyí tí wọ́n fi èédú kùn. Saturation ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lò jù. Wọ́n á fà á títí koríko á fi dà bí ọ̀dà tuntun. Vibrance rọra ju ìyẹn lọ, àwọ̀ tó ti ṣá ló kọ́kọ́ ń gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ kàlẹ́ńdà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀, bébà kì í tàn án. Bẹ́ ẹ bá gbé ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà dé òpin nígbà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́, fọ́tò náà lè dúdú nígbà tó bá jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò kí wọ́n tó tẹ 500.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Adobe fi ohun kan kún Photoshop tó ń pààrọ̀ sánmà pátápátá. Kí n sọ òtítọ́, ó dùn ún wò. Àmọ́ àṣírí rẹ̀ kì í pẹ́ tú: oòrùn á wà lápá ọ̀tún, òjìji igi á sì tún ṣubú sápá ọ̀tún. Àwọn àgbà iṣẹ́ pàápàá ti kan ìdin nínú iyọ̀ nídìí irú rẹ̀. Nínú oṣù Kejì, ọdún 1982, National Geographic fi kọ̀ǹpútà sún àwọn píramíìdì Gísà ní Íjíbítì mọ́ ara wọn, kí wọ́n lè gba iwájú ìwé wọn. Àríwísí tó tẹ̀lé e kò kéré.

Fún káàdì ìkíni, ẹ pààrọ̀ sánmà bó ṣe wù yín. Tó bá kan òtẹ́ẹ̀lì àti ilẹ̀ títà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ti Èkó wá nítorí òkè tútù tó rí lójú fóònù, tó wá bá yanrìn àti òpó iná, owó rẹ̀ ni yóò béèrè. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sì lòdì sí kéèyàn fi ohun tó ń ṣini lọ́nà polówó ọjà. Títan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀ kò burú. Yíyọ òpó iná kúrò lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ni wàhálà.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà yà, ẹ má pa á rẹ́. Ti Olúmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fà á títí, òrùlé jáde, ìkùukùu kò jáde. Lẹ́yìn òjò ni n óò tún gun òkè náà.