Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Fi Orin Ṣe Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ní òkè Ọya jọ gbé yẹ̀wò. Àwọn ọmọ wa kan ti sọ fún òbí wọn pé iṣẹ́ orin ni àwọn fẹ́ ṣe, ìdáhùn tí wọ́n sì gbà kò dára. A ti rí baba tí ó fọ́ gìtá ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a máa wí pé, "A kò rán ọ ní ilé ẹ̀kọ́ kí o lè di alágbe."

Àwa kò bú irú òbí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú yóò fẹ́ kí ọmọ òun máa gba owó oṣù. Òótọ́ sì ni pé eré alẹ́ nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ tí òde bá wà ni owó wà. Bí ààwẹ̀ bá dé, tàbí tí òjò kò jẹ́ kí ènìyàn jáde, ọwọ́ olórin a dilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Yorùbá kan tí orin bọ́ títí di ọjọ́ ogbó.

Fẹlá Ṣówándé ni. Ní 1905 ni a bí i. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀. Ní Èkó, T. K. E. Phillips kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀. Ní nǹkan bí 1934 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó bá lọ, ṣùgbọ́n orin ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀, orin náà ni ó sì borí. Jáàsì ni ó ń ṣe lálẹ́. Ó bá Fats Waller ará Amẹ́ríkà tẹ píánò pọ̀, ó sì tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, obìnrin olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ẹ kíyè sí i pé àtẹ́wọ́ alẹ́ kò tó o. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní 1943 ó gba ìwé ẹ̀rí Fellow of the Royal College of Organists. Ní 1944 ó kọ African Suite jáde. Lẹ́yìn ogun, ó ń darí àwọn akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì.

Nítorí náà, nígbà tí ó padà wálé ní 1953, òun ni ó di ọ̀gá ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú. Ní 1968 ó di olùkọ́ ní Howard University ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ní Pittsburgh àti Kent State. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60 nígbà tí ó dé Howard. Ta ni ń pe arúgbó sí òde alẹ́? Ṣùgbọ́n kíláàsì ń dúró dè é. Ó kú ní Ohio ní 1987.

Àwa tí a wà ní rélùwéè mọ̀ pé irin méjì ni ọkọ̀ ojú irin ń tọ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan, ọkọ̀ a ṣubú. Eré ṣíṣe ni irin kan. Kíkọ́ ẹlòmíràn ni èkejì. Kì í ṣe ẹni tí eré sú ni ó ń di olùkọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fọ́ gìtá mọ́. Ẹ bi ọmọ náà pé, "Ṣé o lè ka àmì orin? Ṣé o lè kọ́ ẹlòmíràn?" Bí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ wá olùkọ́ fún un. Àwọn yunifásítì Nsukka àti Ifẹ̀ ní ẹ̀ka orin. Ilé ẹ̀kọ́ MUSON wà ní Èkó pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ parí ìwé yín kí ẹ tó máa wá òkìkí.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá lè kọ́ ọmọdé ní píánò, gìtá tàbí fèrè, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí fún wa.