Ibi Tí Omi Ń Kán Sí Kọ́ Ló Ti Ń Wọlé

Òjò oṣù kẹrin ń bọ̀ ní Ìlerò. Lọ́dún tó kọjá, àpò ẹ̀lùbọ́ mẹ́ta bu mọ́ wa lọ́wọ́ nínú yàrá tí a fi kún ilé ìkẹ́rùsí.

Omi máa ń gba ara igi òrùlé lọ kó tó kán. Nítorí náà, ẹ wo òkè: ojú ìṣó, àti ibi tí páànù yàrá tuntun ti pàdé ògiri àtijọ́. Kí ẹnì kan máa da omi láti ìsàlẹ̀ páànù lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa ṣọ́ inú ilé.

Símẹ́ǹtì nìkan á là. Ẹ ki etí páànù pẹlẹbẹ bọ inú ògiri, kó bo ojú ìpàdé náà, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ to àpò sórí pákó.

Ẹ má dúró de òjò o.